Bẹ́ ẹ ṣe lè fi rélùwéè rin àwọn ìlú kéékèèké Ítálì láìkánjú

Tẹ́ ẹ bá ti sọ fún èèyàn pé ẹ ń lọ Ítálì, ìlú mẹ́rin kan náà ni wọ́n máa kà fún yín: Róòmù, Florence, Venice, Milan. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ o, ìlú ńlá ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ ìsinmi lẹ ń wá, tẹ́ ẹ fẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kẹ́ ẹ máa wo oko àjàrà àti igi ólífì bó ṣe ń kọjá lọ, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ nílùú tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn já ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ sùn díẹ̀ lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tún jáde nírọ̀lẹ́ nígbà tí tọmọdé tàgbà bá ń rìn kiri gbàgede ìlú láìṣe nǹkan kan, a jẹ́ pé àwọn ìlú kéékèèké ló yẹ yín. Rélùwéè lẹ sì máa fi dé ibẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ yá mọ́tò, wàhálà ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí nìkan ti tó.

Ohun tó ń ba ìrìn àjò yìí jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n á ṣí máàpù, wọ́n á máa sàmì síbi tó bá ṣáà ti wù wọ́n, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù, ìkẹta létí òkun lọ́hùn-ún, nígbà tí wọ́n bá fi máa parí ìsinmi, inú téṣàn ni wọ́n ti lo ìdajì ẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ mú ojú irin kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e lọ, ìlú tó bá wà lójú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù, òun náà ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, ni ti àtijọ́ tó ti Róòmù lọ Florence.

Ṣẹ́ ẹ rí i, ojú irin méjì ló wà láàárín ìlú méjèèjì yẹn. Wọ́n ń pe tuntun ní Direttissima, wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ ẹ̀ ní 1977, ó sì tó 1992 kí wọ́n tó parí ẹ̀. Òun ni àwọn ọkọ̀ tó ń sáré bí àṣá, Frecciarossa àti Italo, ń gbà. Inú ihò abẹ́ òkè ló máa ń wọ̀ ṣáá, ní bíi wákàtí kan àbọ̀ ẹ ti dé Florence, kò sí nǹkan kan tẹ́ ẹ rí. Ti àtijọ́ yẹn ní tiẹ̀ ń tẹ̀ lé àfonífojì, ó ń yà sí Orvieto, Chiusi, Castiglione del Lago, Terontola, Camucia, Castiglion Fiorentino, Arezzo, kó tó wọ Florence. Àwọn orúkọ yìí gan-an ni ìrìn àjò yín.

Bí mo ṣe máa pín òru mẹ́wàá rèé: òru mẹ́ta ní Orvieto, òru mẹ́rin ní Arezzo, òru mẹ́ta ní Lucca. Ibi mẹ́ta péré lẹ máa tú ẹrù sí. Ìlú tó kù, ẹ máa fàárọ̀ lọ, kẹ́ ẹ fìrọ̀lẹ́ dé, báàgì fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ máa gbé kọ́ èjìká. Ẹ gba Róòmù wọlé, kẹ́ ẹ gba Pisa jáde, torí Pisa kò jìnnà sí Lucca rárá, kò sì sídìí tẹ́ ẹ fi máa padà sẹ́yìn lọ wá ọkọ̀ òfuurufú ní Róòmù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà, kódà tẹ́ ẹ bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ máa gba físà Schengen, ètò ibùsùn mẹ́ta yìí á sì ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, torí wọ́n máa béèrè ibi tẹ́ ẹ máa sùn lóru kọ̀ọ̀kan, ìwé òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tó tò léra wọn mọ́ ju mẹ́sàn-án lọ. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí ọjọ́ 15 ṣáájú, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà yẹn, ọjọ́ ìpàdé láti lọ fi ìwé sílẹ̀ gan-an lè ṣòroó rí. Euro 90 ni owó físà fún àgbàlagbà, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò tó máa san tó euro 30,000 tí àìsàn bá dé. Òtẹ́ẹ̀lì tó lè dá owó yín padà ni kẹ́ ẹ búùkù, kí físà tó jáde.

Ó yá, ká sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Regionale àti Regionale Veloce ni kẹ́ ẹ máa wá, Trenitalia, ilé iṣẹ́ rélùwéè ìjọba Ítálì, ló ni wọ́n. Veloce yẹn túmọ̀ sí pé ó yára díẹ̀, kì í dúró ní gbogbo téṣàn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn kì í gbéra, iye tẹ́ ẹ máa san tẹ́ ẹ bá rà á lóṣù kan ṣáájú náà lẹ máa san láàárọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, wọn kì í fún èèyàn ní nọ́ńbà àga, ibi tó bá ṣófo lẹ máa jókòó sí. Ìdí nìyẹn tó fi dáa fún ẹni tí kò kánjú: tí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, ẹ padà sùn, ẹ wọ ti wákàtí tó tẹ̀ lé e, kò sí owó tó ṣègbé. Frecciarossa, Italo àti Intercity ló yẹ kéèyàn tètè rà, torí owó tiwọn máa ń gun òkè bí ọjọ́ bá ṣe ń sún mọ́.

Àmọ́ ohun kan wà tẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé láéláé. Tíkẹ́ẹ̀tì Regionale tó jẹ́ bébà, kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti etí ẹ̀ bọ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri tàbí òpó nítòsí ojú irin, ẹ̀rọ yẹn á tẹ ọjọ́ àti aago sí i lára, látìgbà yẹn wákàtí mẹ́rin ló ní. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti rà á, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ "check-in" nínú app kẹ́ ẹ tó wọlé. Mo mọ̀ ọ́n torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi, mo ti sanwó, tíkẹ́ẹ̀tì wà lápò mi, mo kàn sáré bá ọkọ̀ tó ti fẹ́ lọ ni mi ò fi rántí, obìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò fohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún mi, ó sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí gan-an, torí owó yẹn ì bá bọ́ mi fọ́jọ́ méjì. Tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, tàbí tẹ́ ẹ rántí lẹ́yìn tẹ́ ẹ wọlé, ẹ má jókòó máa dúró dè wọ́n, ẹ dìde lọ bá ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò kó tó bá yín.

Téṣàn náà ní èdè tiẹ̀. Pátákó tàbí bébà aláwọ̀ ìyeyè ni ti ọkọ̀ tó ń lọ, Partenze. Funfun ni ti èyí tó ń bọ̀, Arrivi, èèyàn máa ń ṣì í wò. Binario ni nọ́ńbà ojú irin tí ọkọ̀ yín máa dúró sí, ó lè yí padà nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí náà ẹ máa gbójú sókè wo pátákó. Ritardo túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ti pẹ́. Feriale ni ọjọ́ iṣẹ́, Monday sí Saturday, òòlù méjì tó gbé ara wọn bí àgbélébùú ni àmì ẹ̀ lórí bébà àkókò ọkọ̀. Festivo ni Sunday àti ọjọ́ ìsinmi, ọkọ̀ sì máa ń dín kù gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wo àmì yìí dáadáa kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó máa dá yín padà. Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni sciopero, ìyanṣẹ́lódì nìyẹn, ó máa ń wáyé lemọ́lemọ́, àmọ́ wọ́n máa ń kéde ẹ̀ ṣáájú, òfin sì sọ pé ní ọjọ́ iṣẹ́, àwọn ọkọ̀ Regionale kan gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀ àti mẹ́fà sí mẹ́sàn-án alẹ́. Tó bá bọ́ sí ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó kúrò nílùú kan sí òmíràn, ẹ lo wákàtí wọ̀nyẹn.

Ẹ tún wo orúkọ téṣàn. Tó bá jẹ́ orúkọ méjì ni wọ́n so pọ̀, bíi Camucia-Cortona, tàbí Terontola-Cortona, ẹ mọ̀ pé ìlú tẹ́ ẹ ń wá kò sí níbẹ̀, Camucia ló wà nísàlẹ̀, Cortona wà lókè lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀sì ló máa gbé yín débẹ̀. Ogun ló lé àwọn èèyàn ayé àtijọ́ gun orí òkè, ojú irin sì dé lẹ́yìn wọn, kò lè gòkè, ó gba inú àfonífojì kọjá. Kẹ́ ẹ tó búùkù yàrá, ẹ wo bí òkè tó wà láàárín ibẹ̀ àti téṣàn ṣe rí, torí máàpù á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ní sọ fún yín pé àtẹ̀gùn ni gbogbo ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín nípa ẹrù. Ní téṣàn kéékèèké, abẹ́ ilẹ̀ lẹ máa gbà bọ́ sí ojú irin kejì, àtẹ̀gùn sísọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn gígòkè, lífìtì kì í sábà sí, ẹ ò sì gbọdọ̀ gba orí irin kọjá. Àpótí tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kan gbé ni kẹ́ ẹ mú.

Láti pápákọ̀ òfuurufú Fiumicino, gbogbo èèyàn ló ń rọ́ wọ Leonardo Express tó ń lọ Termini, téṣàn ńlá Róòmù, euro 14. Tó bá jẹ́ Orvieto lẹ ń lọ tààrà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ FL1, euro 8, kò dé Termini, ó ń gba téṣàn Trastevere àti Ostiense dé Tiburtina, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bọ́ sí Regionale Veloce tó dojú kọ Florence. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan láti ibẹ̀, ẹ ti dé ẹsẹ̀ òkè Orvieto.

Orvieto! Ẹ máa rí i látinú ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀, àpáta ńlá kan tó dá dúró, ògiri ẹ̀ lọ sókè gbọọrọgbọ, odidi ìlú sì jókòó sórí ẹ̀. Ẹ jáde ní téṣàn, ẹ sọdá títì, funicolare ń bẹ níwájú yín, ọkọ̀ kékeré tí okùn irin ń fà gun òkè, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ti wà ní Piazza Cahen. Kẹ́ ẹ tó wọ ìlú lọ, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kànga kan wà tí wọ́n ń pè ní Pozzo di San Patrizio. Póòpù Clement Keje ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, lẹ́yìn tó sá wá sí Orvieto nígbà tí àwọn ọmọ ogun kó Róòmù ní 1527, ẹ̀rù ń bà á pé tí ọ̀tá bá dó ti ìlú, omi lè tán. Antonio da Sangallo ló ya bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ. Ó jìn tó mítà 53, àtẹ̀gùn 248 ló wà nínú ẹ̀, àmọ́ ohun tó wú mi lórí jù ni pé ọ̀nà méjì ni, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn yí kànga po, wọn ò sì pàdé àyàfi nísàlẹ̀: àwọn ìbaaka tó ń lọ pọnmi á gba ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á gba ìkejì gòkè, kò ní sí pé ẹran méjì kọlu ara wọn lọ́nà tóóró. Mo dúró nísàlẹ̀ yẹn, mo gbójú sókè, ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé látòkè délẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wọ súwẹ́tà o, òtútù wà nínú ẹ̀, kódà nígbà ooru.

Kàtídírà wọn ńkọ́? 1290 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ lọ wò ó nírọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, torí ìwọ̀ oòrùn ni iwájú ẹ̀ kọjú sí, wúrà ara ẹ̀ á máa tàn. Àwọn èrò tó wá láti Róòmù fún ọjọ́ kan ti padà nígbà yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sùn síbẹ̀ lẹ máa jẹ̀gbádùn ẹ̀, ìdí tí mo fi ní òru mẹ́ta nìyẹn.

Láti Orvieto sí Arezzo, bíi wákàtí kan àti díẹ̀, inú Val di Chiana lẹ máa gbà kọjá, ibẹ̀ ni màlúù Chianina ti wá, funfun báláú, ó ga gan-an, ẹran ẹ̀ ni wọ́n ń sun tí wọ́n ń pè ní bistecca. Ní Arezzo, ẹ gba yàrá nítòsí téṣàn, torí ìlú yẹn bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu téṣàn, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ tó o. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì San Francesco lọ wo àwòrán ara ògiri tí Piero della Francesca yà ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ máa rí Ọbabìnrin Ṣébà níbi tó ti ń kí Ọba Sólómọ́nì. Ó dáa kẹ́ ẹ ti gba àyè sílẹ̀ ṣáájú. Àti pé Sunday àkọ́kọ́ lóṣù, pẹ̀lú Saturday tó ṣáájú ẹ̀, ni wọ́n máa ń ná ọjà ohun àtijọ́ ní gbogbo àárín ìlú, látọdún 1968 ni wọ́n ti ń ná an: àga, aago, aṣọ tábìlì, ìwé, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ọjà bíi tèmi, ẹ ṣètò kí ọjọ́ yín bọ́ sí i, àmọ́ ẹ tètè búùkù yàrá.

Arezzo yìí lẹ ti máa lọ Cortona lọ́jọ́ kan, lọ Assisi lọ́jọ́ kejì. Ọkọ̀ tó ń lọ Assisi ń yà ní Terontola, ẹ jókòó sápá ọ̀tún tẹ́ ẹ bá kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ, torí ẹ̀bá adágún Trasimeno ló máa gbà. Nítòsí Tuoro níbẹ̀, ní 217 kí wọ́n tó bí Jésù, Hannibal, ọ̀gágun ọmọ Áfíríkà tó wá láti Carthage, tó wà ní Tùnísíà òde òní, lúgọ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun ẹ̀ sórí òkè nínú kùrukùru òwúrọ̀, ó jẹ́ kí ọmọ ogun Róòmù wọ àárín omi àti òkè tán, ló bá já bọ́ lù wọ́n, ó pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Ìgbàkígbà tí mo bá gba ibẹ̀, mo máa ń pa fóònù, mo máa ń wo omi yẹn títí tó fi parẹ́.

Ní Assisi, kẹ́ ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sókè, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Santa Maria degli Angeli tí kò jìnnà sí téṣàn. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni wọ́n kọ́ bo ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan mọ́lẹ̀, Porziuncola, ibẹ̀ ni Francis Mímọ́ kú sí ní 1226. Spello kò jìnnà sí Assisi lójú irin kan náà, kò gbajúmọ̀ tó o, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú àwọn méjèèjì, òdòdó wà ní gbogbo ojú fèrèsé, ariwo ò sí.

Oúnjẹ. Búrẹ́dì Tuscany àti Umbria, agbègbè méjì tí àwọn ìlú yìí wà, kì í níyọ̀, wọn ò gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ jẹ pici, pasita tó ki tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ata, peperoncino lẹ máa béèrè, ẹ má ní peperone o, tàtàṣé nìyẹn. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa wá lójú ìwé oúnjẹ ni maiale, prosciutto, pancetta, lardo, guanciale, porchetta, ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, ó sì lè wà nínú ọbẹ̀ tẹ́ ẹ rò pé ẹ̀fọ́ nìkan ni, nítorí náà ẹ béèrè. Coperto tẹ́ ẹ bá rí lórí bíìlì kì í ṣe jìbìtì, owó orí ẹni kọ̀ọ̀kan tó jókòó ni. Kọfí tẹ́ ẹ bá mu lóòró nídìí káńtà kì í wọ́n tó èyí tẹ́ ẹ jókòó mu. Ilé oúnjẹ máa ń tì lọ́sàn-án títí di nǹkan bí aago méje àbọ̀ alẹ́, ṣọ́ọ̀bù náà ń tì lọ́sàn-án, ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù kì í sì í ṣí ní Monday.

Kí ẹ máa kí èèyàn. Buongiorno tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù, buonasera nírọ̀lẹ́. Nílùú kékeré, ẹni tó wọlé láìkí onílé, wọ́n á wò ó tìyanu-tìyanu, àwa náà mọ bí ìyẹn ṣe rí.

April sí June, September sí October ló dáa jù. August gbóná, àyíká ọjọ́ 15 oṣù yẹn, Ferragosto, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń tì. Ẹ tọ́jú owó kékeré fún tassa di soggiorno, owó orí tí òtẹ́ẹ̀lì ń gbà fún ìjọba ìlú lóru kọ̀ọ̀kan, kò sí nínú iye tẹ́ ẹ san lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́pọ̀ ìgbà.

Láti Arezzo, ẹ gba Florence, ẹ pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, láti Florence yẹn, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ẹ ti dé Lucca. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ẹ sinmi òkè. Odi ìlú wà lódindi síbẹ̀, ó lé ní kìlómítà mẹ́rin yíká, orí ẹ̀ fẹ̀ débi pé igi ń bẹ níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń gbà á, àwọn ìyá ń ti ọmọ lọ. Ẹ yá kẹ̀kẹ́, ẹ yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni Pisa Centrale, ibẹ̀ lẹ máa wọ PisaMover, ọkọ̀ kékeré tí kò ní dírẹ́bà, ìṣẹ́jú márùn-ún ẹ ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú. Kẹ́ ẹ tó kúrò ní Lucca, ẹ ra buccellato kan, búrẹ́dì dídùn wọn tó ní èso àjàrà gbígbẹ nínú, kò ní tíì bàjẹ́ tẹ́ ẹ fi máa délé.